Kí ló ń múnú wa dùn? Ohun tí ìwádìí rí, àti ohun tó wà nídìí iná ọ̀jọ̀jọ̀

Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á ti tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí WhatsApp mi. Ọ̀kan á wá láti ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ jáde iléèwé girama, òmíràn láti ọwọ́ ẹni tí mi ò tiẹ̀ rántí ibi tí a ti pàdé. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sì sábà máa ń wí: nǹkan mẹ́wàá tí o lè ṣe lónìí kí inú rẹ lè máa dùn. Mu omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Rẹ́rìn-ín sí ara rẹ nínú dígí. Kọ ohun márùn-ún tí o fẹ́ dúpẹ́ fún sínú ìwé. Sá fún àwọn tó ń kó ìbànújẹ́ bá ẹ. Mo máa ń bi ara mi pé àǹtí mi tó fi eléyìí ránṣẹ́, ṣé àwọn náà ń rẹ́rìn-ín sí dígí? Mi ò gbà. Mo mọ ohun tó ń múnú wọn dùn: kí èèyàn yà kí wọn, kó jókòó, kó má sì sọ pé òun ń kánjú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú dídùn ti kọjá àtẹ̀jíṣẹ́ àfàárọ̀kí. Ní oṣù Keje ọdún 2011, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lórí àbá tí orílẹ̀-èdè kékeré kan tó ń jẹ́ Bhutan gbé wá, ní kí àwọn ìjọba máa ka inú dídùn aráàlú mọ́ ohun tí wọ́n fi ń wọn ìdàgbàsókè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìròyìn àgbáyé lórí inú dídùn kọ́kọ́ jáde, ọdún náà sì ni wọ́n ya ogúnjọ́ oṣù Kẹta sọ́tọ̀ fún un. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ò le rárá. Wọ́n á ní kí o fojú inú wo àkàbà kan tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé mẹ́wàá. Orí mẹ́wàá ni ayé tó dáa jù tí o lè gbé, ìsàlẹ̀ pátápátá ni èyí tó burú jù. Ibo lo dúró sí lónìí? Láti ọdún 2018 títí dé 2025, àwọn ará Finland ló ń gba ipò kìíní. Wọn ò lówàḿbẹ̀, òtútù ibẹ̀ nìkan sì tó láti ba ọmọ Ìjẹ̀bú nínú jẹ́.

Èyí tó wá mú ọ̀rọ̀ náà gbóná sí i ni ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2025. Wọ́n ní nínú èèyàn mẹ́fà láyé yìí, ìdáwà ń bá ẹnì kan fínra, àti pé ikú tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́dún kan tó 871,000, bí ọgọ́rùn-ún èèyàn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rò pé ẹni tó ń dá gbé nìkan ni wọ́n ń bá wí. Èèyàn lè dá gbé kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì lè wà láàárín èrò ọjà Òkè-Àjé lọ́jọ́ ọjà kó má rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ìbáṣepọ̀ tí ọkàn ń fẹ́ àti èyí tó wà nílẹ̀, àlàfo àárín méjèèjì ni wọ́n ń pè ní ìdáwà.

Bí mo ṣe kà á, ojú ilé kan ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wá sí mi lọ́kàn.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ mọ irú ilé tí mò ń sọ. Wọ́n pọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n pọ̀ ní Ìpẹru, wọ́n pọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, géètì rẹ̀ ga ju èèyàn lọ, táìlì wà títí dé ojúde. Ọmọ tó wà ní Èkó tàbí ní London ló kọ́ ọ. Yàrá á tó mẹ́jọ. Ìyá àgbà kan, ọmọ tó ń bá wọn gbé àti ọlọ́dẹ ló wà nínú rẹ̀. Iléyá sí Iléyá, Kérésì sí Kérésì ni ilé ń kún. Àwọn ọmọ ò fi nǹkan kan du ìyá wọn o. Sólà wà lórí òrùlé, tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ò tán nílé rí. Síbẹ̀ náà, tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìyá yìí á ṣí ilẹ̀kùn kékeré ara géètì, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ìkóríta, wọ́n á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀.

Àwọn méjèèjì ò bára tan. Ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀ á ti rin ewùrà rẹ̀ láti ọ̀sán, á ti fi iyọ̀ àti ata gígún sí i. Ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un, á sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Iṣẹ́ tí Màmá gbà fún ara wọn ni àlùbọ́sà. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á máa ráhùn pé àlùbọ́sà ayé òde òní ò ta lójú mọ́. Nígbà tí epo bá ti gbóná, ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀ á fi ìka mẹ́rin bu ewùrà, á jù ú sínú agbada, epo á pariwo ṣàà, àwọn ọmọ iléèwé á sún mọ́ tòsí. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń kí: “Ẹ kú ìjókòó o, Màmá!” Wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì fi ìbéèrè kan lé e. Ìyàwó ńkọ́? Ṣé orúnkún yẹn ti fúyẹ́? Ọmọ yín tó ṣe ìdánwò, kí ló gbà? Mo kà á lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró de ọ̀jọ̀jọ̀ tèmi: èèyàn 37 ló kí wọn láàárín wákàtí kan.

Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí méjì, Gillian Sandstrom àti Elizabeth Dunn, ṣe ohun kan ní Kánádà. Wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, wọ́n ní kí àwọn kan lára oníbàárà wojú ẹni tó ń tà á, kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, kí wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó kù yára ra tiwọn kí wọ́n máa lọ. Inú àwọn tó sọ̀rọ̀ dùn ju ti àwọn tó yára lọ. Ọdún kan náà ni Nicholas Epley àti Juliana Schroeder ní kí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Chicago bá àjèjì tó jókòó tì wọ́n sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá bi àwọn èèyàn kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n á ní dídákẹ́ ló máa tu àwọn lára jù. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: àwọn tó sọ̀rọ̀ ló gbádùn ìrìn àjò wọn jù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé a ò mọ̀. Ohun tó máa ṣe wá lóore wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a sì rò pé ó máa ni wá lára. Ẹ lọ sí Lagos Garage ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Láyé ìgbà kan, kí mọ́tò tó dé Odògbolú, ìyá tó wà níwájú á ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ló fẹ́ àbúrò ọkọ òun, wọ́n á sì ti fún ọmọ yín ní ọsàn. Nísinsìnyí, kálukú ti ki nǹkan bọ etí, ojú gbogbo wọn wà lórí fóònù títí dé Ṣágámù. Èmi náà wà nínú wọn, mi ò yọ ara mi sílẹ̀.

Yorùbá ò fi kíkí ṣeré rí. Ẹni tó jókòó ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀. A kí ẹni tó ń jẹun, a kí ẹni tó ń dirun, a kí ẹni tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Ó kù díẹ̀ ká ní ti ẹni tí wọ́n mú iná lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá sì béèrè pé “ṣé àlàáfíà ni?”, ìbéèrè ńlá la bi èèyàn. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa dé ọ̀dọ̀ wa ni àlàáfíà, ìlera ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ti fẹ̀ ẹ́ kọjá ara líle. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń jà kò lè sọ pé àlàáfíà lòun wà. Nígbà tí òfin tí wọ́n fi dá Àjọ Ìlera Àgbáyé sílẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1948, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlera kọjá kéèyàn má ṣàìsàn: ara, ọkàn àti ìgbé ayé láàárín àwùjọ gbọ́dọ̀ dá ṣáká. Ìyá tó ń ta ewé nídìí ọ̀nà Ìṣarà ti ń béèrè rẹ̀ láràárọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń pín kiri ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2023, Dunigan Folk àti Elizabeth Dunn yìí kan náà kó ìmọ̀ràn márùn-ún tí àwọn oníròyìn ń tún sọ jù jọ: ìdúpẹ́, dídarapọ̀ mọ́ èèyàn, eré ìdárayá, àṣàrò, àti lílọ síbi tí igi àti koríko wà. Wọ́n tú ìwádìí tí wọ́n gbé kálukú wọn lé wò. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn ò lágbára tó bí ìwé ìròyìn ṣe ń pariwo rẹ̀: èèyàn tí wọ́n lò kéré, tàbí kí olùwádìí má kọ ohun tó fẹ́ dán wò sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn rọra fa èsì síbi tó wù ú. Ìyẹn ò sọ ìmọ̀ràn náà di irọ́. Ó kàn ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má fi ohun kékeré ṣe ògùn gbogbo-nǹ-ṣe. Mo sì gbóríyìn fún obìnrin tó tọ pinpin irú iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ìwádìí kan tí wọ́n ti ń bá bọ̀ ní Harvard láti 1938. Ọkùnrin 724 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: apá kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì náà, apá kejì jẹ́ ọmọ tálákà láti àwọn àdúgbò tó le jù ní Boston. Wọ́n tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi darúgbó, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n bá ìyàwó àti ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Robert Waldinger tó ń darí rẹ̀ báyìí sọ pé nígbà tí wọ́n wẹ̀yìn wo bí àwọn ọkùnrin náà ṣe wà ní ẹni àádọ́ta ọdún, iye ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kọ́ ló sọ ẹni tó máa dàgbà dénú ìlera ní ọgọ́rin ọdún. Bí àárín wọn àti àwọn èèyàn wọn ṣe rí ni. Èèyàn laṣọ mi, Yorùbá ti wí i tẹ́lẹ̀, a kàn sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mọ́tò ni.

Oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Ìròyìn àgbáyé ti ọdún 2025 gbé ọ̀rọ̀ jíjẹun pọ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé iye ìgbà tí èèyàn ń bá ẹlòmíràn jẹun lọ́sẹ̀ so mọ́ bí ayé rẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn tó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára tó bí owó tó ń wọlé fún un àti bóyá ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, nínú èèyàn mẹ́rin tí wọ́n bi ní 2023, ẹnì kan ló sọ pé òun nìkan lòun jẹ gbogbo oúnjẹ òun lánàá. Ẹ wò ó, mi ò gbọ́ rí kí ẹnì kan se ìkọ́kọrẹ́ fún ara rẹ̀ nìkan. Ìkòkò ni oúnjẹ ọ̀hún. Ẹni tó bá ti rin ewùrà tó tó ìkòkò, tó bu ú sínú omi ata tó ń hó, tó sọ ẹja àti edé sí i, tó sì fi ọwọ́ mọ́wọ́ tí kò tètè rò ó kí ó má baà fọ́, kò lè bomi mu kó ní ó tán. Àbọ̀ máa lọ ilé kejì. Èyí tó bá sùn mọ́jú ni a máa fi jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, adùn rẹ̀ ò sì ṣe é ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ará ibí.

Ní ilé tiwa, a ti jẹ́ kí ó bà jẹ́ díẹ̀. Ọmọ kan á gbé àwo lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, èkejì á gbé tirẹ̀ wọ yàrá, èmi á máa fi ọ̀tún jẹun, máa fi òsì tẹ fóònù. Láti oṣù mélòó kan la ti ń pàdé nídìí tábìlì lálẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ méjì péré. Ìjà ni a fi bẹ̀rẹ̀, torí ọmọkùnrin mi ò fẹ́ fi fóònù sílẹ̀. Ìjà ṣì wà, ṣùgbọ́n lórí ẹni tó máa jẹ eegun orí ẹja ni báyìí.

Ti ìdúpẹ́, Robert Emmons àti Michael McCullough ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ilé ìwé ní 2003. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ ohun tó tó márùn-ún tí wọ́n dúpẹ́ fún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí àwọn mìíràn máa kọ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ojú tí àwọn alọ́pẹ́ fi wo ayé wọn dáa ju ti àwọn onírahùn lọ. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé ò lè dáhùn tí a bá dúpẹ́. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n bá fún yín ní ẹja lónìí, ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ láàárọ̀ ọ̀la láti sọ pé “ẹ ṣeun àná o”. Ìyá mi ò gbà kí n wẹ̀ kí n tó lọ. Mo rò nígbà náà pé ìyà ni. Ẹni tí a bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á ní ká jókòó, á béèrè ilé, á tún fi nǹkan lé wa lọ́wọ́, a sì tún jẹ gbèsè “ẹ ṣeun àná” tuntun. Bó ṣe ń lọ títí nìyẹn.

Fífúnni náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní 2008, Dunn (òun náà ni), Lara Aknin àti Michael Norton fún àwọn èèyàn ní dọ́là márùn-ún tàbí ogún láàárọ̀, wọ́n ní kí àwọn kan ná an fún ara wọn, kí àwọn kan ná an fún ẹlòmíràn kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ná an fún ẹlòmíràn ni inú wọn dùn jù, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ná márùn-ún àti ẹni tó ná ogún. Gbogbo ilé tó pa àgbò nÍléyá ní Ìjẹ̀bú mọ èyí: ẹran tí ọmọ gbé kiri nínú abọ́ tí wọ́n fi nǹkan bò, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, dùn lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ ju èyí tó wà nínú fíríìsà.

Ibi tí a ti ń ṣìnà ni ibi tí fífúnni ti di àṣehàn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọdún kan, mo yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí n lè bá ẹgbẹ́ mi dá aṣọ fún Ojúde Ọba. Agbádá, fìlà, bàtà, ìlẹ̀kẹ̀, owó ẹṣin tí a dá. Télọ̀ gbé aṣọ wá ní alẹ́ tó ṣáájú. Ṣòkòtò náà fún tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dúró fún gbogbo ọjọ́ náà, kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ fún Kábíyèsí. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi san gbèsè náà. Ayọ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni. Kò ràn mí lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin tí wọ́n ń yọ owó lórí owó oṣù mi.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń wo Ojúde Ọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí ẹṣin àti dámáàsìkì, wọn ò rí ìpàdé oṣooṣù. Àwọn tí ọdún ìbí wọn wà láàárín ọdún mẹ́ta sí ara wọn ló máa ń wà nínú Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan: Bọ́bagúnwà, Gbọ́baníyì, Ọbafùwàjì, àti àwọn mìíràn. Àṣà àtijọ́ ni. Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025 lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, ló sọ ọ́ jí. Nínú ìpàdé yẹn, a máa ń pe orúkọ. Ẹni tí kò bá sí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á yan ẹni méjì láti lọ wò ó nílé. Ní oṣù tí gbèsè fẹ́ mú mi sá, mo rí ẹni méjì lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú bíréèdì. Wọn ò san gbèsè fún mi. Wọ́n jókòó, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nípa ṣòkòtò yẹn títí omijé ẹ̀rín fi bọ́ lójú mi.

Ti ara kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná díẹ̀, bíi kéèyàn rìn kánmọ́kánmọ́. Ìdajì wákàtí ní ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá fi ọ̀kadà sílẹ̀ láti ilé dé ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ẹni tó bá fẹ́ ìdí tó fi máa rìn lè gba Òkè-Ẹ̀rí lọ wo Èrédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Oorun wákàtí méje, ó kéré tán, ló yẹ àgbàlagbà, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ló kù tí kò gbọ́. Ní ti fóònù, mo ti ń tì í sí pálọ̀ lálẹ́. Kò rọrùn ní ọ̀sẹ̀ kìíní.

Ẹnìkan á ní gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ ẹni tó yó ni. Ó tọ̀nà. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ìwàásù, bí ebi bá sì kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Matthew Killingsworth, Daniel Kahneman àti Barbara Mellers fọwọ́ sí i ní 2023 pé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bí owó ṣe ń pọ̀ sí i ni inú dídùn ń pọ̀ sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó mọ́tò láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Igbó ti sọ ìbẹ̀wò di nǹkan tí wọ́n ń ṣírò. Àǹtí mi kì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn fóònù. A ò lọ sọ́dọ̀ wọn mọ́ bíi tẹ́lẹ̀ ni.

Ìbànújẹ́ míì sì wà tí kíkí ò lè wò. Tí ọkàn èèyàn bá ti wúwo láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun àti oúnjẹ ti sá, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́, tàbí tó ń ro ikú, àìsàn ni, ilé ìwòsàn ló kàn. Kò jìnnà sí wa: ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Ṣágámù, Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ, sì wà ní Abẹ́òkúta. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò èyí tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Àrò gan-an ní ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò (ọmọ Ẹ̀gbá ni, ṣùgbọ́n ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀) kọ̀ láti ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan wọn kan. Wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á bá àwọn onílé lọ sóko, wọ́n á jọ jókòó lálẹ́. Àwọn oníṣègùn wá láti òkè òkun láti wá wò ó, Lámbò fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 títí di 1988.

Ó ku ọ̀la kí Iléyá tó kọjá yìí pé, jíìpù kan wọ àdúgbò wa láti Èkó. Géètì ilé ìyá yẹn ṣí, wọ́n kó ẹrù wọlé, wọ́n so àgbò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn díẹ̀, ọkùnrin kan jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó sì rí ìyá rẹ̀ ní ìkóríta pẹ̀lú ọ̀bẹ àti àlùbọ́sà.

“Màmá, ẹ dákun, kí lẹ wá ń ṣe níbí? Wọ́n á ní a ò tọ́jú yín. Ẹ jẹ́ ká wọlé.”

Ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń yí ọ̀jọ̀jọ̀ inú epo padà. Màmá ò dìde. Wọ́n sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi etí ìró nu ibi tó ṣófo.

“Jókòó ná,” ni wọ́n wí. “Kò tíì jinná.”